Nígbà Tí A Fẹ́ Kó Òrí Gba Ẹnubodè

Mo rántí ìgbà tí òórùn òrí ń bá mi dé ibi gbogbo. Bí mo tilẹ̀ fọ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta, tí mo sá a sóòrùn láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti jókòó sínú mọ́tò, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á fimú fín-ín, á wò mí, á ní, "Ṣakí lẹ ti ń bọ̀, àbí?" Èmi kì í bínú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nílé ìwé aládàáni kan ni, nígbà tí owó oṣù di ohun tí a ń fi àdúrà gbà, àwọn obìnrin tó ń ṣe òrí ládùúgbò wa sì ti fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn. A ò ju bí ogún lọ. Bí wọ́n ṣe ń fọ́ kóró, tí wọ́n ń yan án, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń fi ọwọ́ pò ó nínú ọpọ́n títí ọ̀rá funfun á fi léfòó, èmi ń kọ lẹ́tà. Mo gbà nígbà náà pé lẹ́tà tèmi ló le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ọlọ́run má ṣàì forí ji òmùgọ̀.

Olórí wa ni ìyá àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹgbẹ́. Kò mọ̀wé, àfi kéú díẹ̀ tó fi ń kírun, ṣùgbọ́n tó bá ti ki ìka bọ òrí, á sọ fún ọ bóyá ìhà Àgọ́-Àrẹ ni wọ́n ti ṣa kóró rẹ̀ tàbí ìhà Ìgbẹ́tì, á sì tún sọ bóyá ẹni tó pò ó bá ọkọ rẹ̀ jà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Oníbàárà wa tó tóbi jù jẹ́ obìnrin kan tó ń ṣe ọṣẹ àti ìpara ní Pàràkú, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí Ìyá Ẹgbẹ́ ṣì ń pè ní Dàhòmì. Ó gbọ́ Yorùbá bíi tiwa. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, àwọn ọlọ́kadà onífàyàwọ́ ló ń bá wa gbé òrí lọ fún un, tí wọ́n ń gba inú igbó kọjá sí òdìkejì. Bó ṣe rí láti ayébáyé nìyẹn. Bodè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ọ̀nà ti wà kó tó dé.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin Pàràkú yìí wá bá wa fúnra rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ òun ti ń gbòòrò, àwọn tó ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ òun ti ń béèrè ibi tí òrí inú rẹ̀ ti wá, òun ò sì lè fi ìka tọ́ka sí inú igbó fún wọn mọ́. Bí a bá lè kó òrí gba ẹnubodè pẹ̀lú ìwé tó pé, òun á máa gbà tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí a ń fún òun. Ìlọ́po mẹ́ta! Àwọn obìnrin wojú ara wọn. Ìyá Ẹgbẹ́ yíjú sí mi, ó ní, "Akọ̀wé, o gbọ́? Iṣẹ́ rẹ dé."

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n pe àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa sí ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan n'Íbàdàn. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú ooru dìde, ó ní gbogbo orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ti fẹnu kò: ọjà tí a bá ṣe nílẹ̀ ọ̀kan nínú wọn lè wọ ilẹ̀ èkejì láìsan owó bodè, bí ìwé bá ti wà tó fi hàn pé ibẹ̀ la ti ṣe é lóòótọ́. Ó fún wa ní ìwé pẹlẹbẹ kan, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n tẹ gbogbo òfin náà sí. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí. Láti Ìbàdàn dé Ìsẹ́yìn ni mo ń ka ìwé yẹn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí ni mò ń tún un kà, kòtò ojú ọ̀nà ń gbé mi sókè, ó ń gbé mi sílẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Mo dé ilé bí ẹni tó ti Mẹ́kà dé. Mo kó àwọn obìnrin jọ, mo túmọ̀ òfin náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyá Ẹgbẹ́ gbọ́ mi tán, ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Òfin yìí dára," ló wí. "Ẹni tó wà lẹ́nubodè ńkọ́? Ṣé wọ́n ti fún òun náà ní tiẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àìmọ̀wé ló ń sọ̀rọ̀.

Ìwé ẹ̀rí tí a ń wá yìí, ọ́fíìsì kan n'Íbàdàn ló yẹ kó bá wa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo dá fún un. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò tíì gbàgbé: òrí tí ẹ ń ṣe yìí, ṣé oúnjẹ ni, àbí ìpara? Mo ní méjèèjì ni. Akọ̀wé tó wà lórí àga ní kò sí méjèèjì nínú fọ́ọ̀mù. Bó bá jẹ́ oúnjẹ, ẹ̀ka kan ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò; bó bá jẹ́ ìpara, ẹ̀ka mìíràn ni. Mo lọ sí ti oúnjẹ, wọ́n ní àwọn mọ òrí sí ohun ìpara. Mo lọ sí ti ìpara, wọ́n ní ìyá àwọn ń fi òrí se ọbẹ̀ nígbà èwe àwọn. Mo padà sọ́dọ̀ akọ̀wé, ó ní, "Mà, ẹ lọ pinnu ohun tí ẹ ń ṣe ná." Ìgbà mélòó ni mo gun ọ̀nà yẹn lọ, tí mo gùn ún bọ̀? Mi ò mọ iye rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn awakọ̀ ibùdókọ̀ Ṣakí bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá mo ti fẹ́ ọkọ mìíràn sí Ìbàdàn.

Nígbà tó ṣe, Ìyá Ẹgbẹ́ ní òun á bá mi lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ọ̀nà jìn, pé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ò lè gbà á. Ó ti wé gèlè tán. A débẹ̀, ó kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè àlàáfíà ọmọ àti ti ìyàwó, akọ̀wé náà sì tún bẹ̀rẹ̀: "Mà, oúnjẹ ni àbí ìpara? Ẹ mú ọ̀kan." Ìyá Ẹgbẹ́ yọ ike kékeré kan nínú àpò rẹ̀. Ó bu òrí díẹ̀, ó fi pa ìgúnpá rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ó tún bu díẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó lá ìka rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó wá na ike náà sí i.

"Ọmọ mi, inú ike kan náà ni mo ti bù ú. Fi ibi tí oúnjẹ parí sí hàn mí, kí n lè mọ ibi tí ìpara ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀rín bú nínú ọ́fíìsì náà. Ọ̀gá wọn jáde wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ bí ìyá ṣe wí. Ohun tí mo fi oṣù mẹ́rin kọ lẹ́tà lé lórí, ìka méjì ló parí rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín bá wọn, ṣùgbọ́n kò dùn dénú.

Síbẹ̀, òjò dé, òjò lọ, ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, kí ìwé náà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ó ní òǹtẹ̀ pupa, ó ní òǹtẹ̀ aláwọ̀ aró, ó ní ìbuwọ́lù tó gùn bí ejò. A di òrí sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, a kó o sínú ọkọ̀ akẹ́rù, èmi àti obìnrin méjì jókòó síwájú pẹ̀lú awakọ̀, a forí lé ẹnubodè. Àwọn aṣọ́bodè tiwa yí ìwé náà síwá sẹ́yìn. Ọ̀kan ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Mo yọ ìwé aláwọ̀ ewé, mo ka ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí fún un. Lẹ́yìn ìgbà tó pẹ́, wọ́n ní ká máa lọ. Mo gbérí sókè. Àfi ìgbà tí a dé òdìkejì, tí aṣọ́bodè ibẹ̀ wo ìwé wa, tó wo ojú mi, tó sì sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́. Awakọ̀ ló túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ kọ síbí. Faransé làwọn ń kà."

Nínú gbogbo ìwé òfin tèmi yẹn, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ kan náà ni, ẹnu kan náà kọ́. A dúró sínú oòrùn láti àárọ̀ títí ó fi kọjá ìrun Àlàásárì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, kí òjò àkọ́kọ́ tó dé, nígbà tí ilẹ̀ Òkè-Ògùn máa ń gbóná bí agbada. Òrí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ó ń gba etí ìdérí jáde, ó ń ṣàn sílẹ̀ ọkọ̀, ó ń kán tó, tó, tó sórí iyanrìn. A sì ń wo àwọn ọlọ́kadà lọ́ọ̀ọ́kán, tí wọ́n di àpò mẹ́ta mẹ́rin mẹ́yìn, tí wọ́n yà sínú igbó, tí eruku wọn sì jáde ní òdìkejì.

Awakọ̀ ní, "Àǹtí Akọ̀wé, ọ̀nà kan ń bẹ létí odò o. A ò ní í pẹ́ rárá."

Mo dá a lóhùn sókè, kí àwọn aṣọ́bodè lè gbọ́: "Àwa kì í ṣe onífàyàwọ́!" Kò sẹ́ni tó yíjú wò mí nínú wọn. A ṣẹ́rí padà. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó tẹ̀ lé mi ń sunkún láìdún, torí òrí tó ń kán sílẹ̀ yẹn, òun ló fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì.

Olùkọ́ Faransé kan ní Ṣakí ló bá wa túmọ̀ ìwé náà, a tún padà lọ gba òǹtẹ̀ sí ìtumọ̀ rẹ̀, ìyẹn náà jẹ oṣù tiẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kejì tí a lọ, a kọjá. Lóòótọ́ ni mo wí, a kọjá! A dé Pàràkú ní ọ̀sán gangan, obìnrin ọlọ́ṣẹ yẹn dì mọ́ mi, ó ṣe ẹ̀dà ìwé wa, ó gbé e kọ́ sára ògiri ilé iṣẹ́ rẹ̀ bí àwòrán ìgbéyàwó. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ bẹ́ẹ̀, tí a bọ̀ láyọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ìyá Ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó borí nínú àríyànjiyàn kan.

Ìgbà náà ni òfin tuntun jáde. Rédíò ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ń ra kóró òrí lọ sókè òkun, kò sì fẹ́ẹ́ ku nǹkan kan fún àwọn tó ń ṣe òrí nílé mọ́. Nítorí náà, ìjọba ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó kóró jáde nílẹ̀ yìí mọ́, kí a máa ṣe é ní òrí níbí ni. Ẹ gbọ́ o, nítorí tiwa ni wọ́n ṣe òfin yìí! Àwa gan-an ni wọ́n ń gbè. A dúpẹ́, a ṣe sàárà, a fi ẹ̀wà àti àkàrà fún gbogbo ọmọ iléékéú àdúgbò. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a kó òrí wa, a débodè, aṣọ́bodè ilẹ̀ wa na ọwọ́ sí wa pé ká dúró.

Ọ̀dọ́kùnrin ni, ọmọlúàbí ni, a sì ti mọ ara wa díẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Òrí ò gbọdọ̀ jáde mọ́. Àṣẹ ti dé."

Mo ní, "Kóró ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ jáde. Èyí kì í ṣe kóró. Ẹ ṣí i wò."

Ó ṣí i. Ó wò ó. Ó ní, "Orúkọ òrí ni wọ́n kọ síbí, mà. Kóró òrí, òrí. Òrí náà ni."

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ojú ṣì ń tì mí. Mo pariwo. Mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ máa ń fi kóró para. Mo ju ìwé aláwọ̀ ewé mọ́ ọn láyà, ó bọ́ sílẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e, ó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi. "Mo gbọ́ yín, mà," ló wí. "Bí mo bá jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá, tí wọ́n bá ní mo rú òfin, ọmọ mẹ́ta ló ń jẹun lọ́wọ́ mi. Bí mo bá dá yín dúró, tó bá wá di àṣìṣe, kò sẹ́ni tó máa lé mi lẹ́nu iṣẹ́ torí pé mo ṣọ́ra jù." Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo pe gbogbo nọ́ńbà tí mo ní n'Íbàdàn. Gbogbo wọn ló gbà pé òtítọ́ ni mo sọ. Gbogbo wọn ló ní ká mú sùúrù, pé lẹ́tà àlàyé ń bọ̀.

Lẹ́tà ò dé lọ́sẹ̀ náà. Kò dé lóṣù náà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì òrí kún yàrá ẹgbẹ́ dé àjà, títí mi ò fi fẹ́ wọ ibẹ̀ mọ́. Obìnrin Pàràkú pè lẹ́ẹ̀kan, ó pè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà kò pè mọ́. Mo sọ fún ara mi pé a ti sọ ọ́ nù. Mo wọ mọ́tò, mo lọ bá a pẹ̀lú ọwọ́ lásán, láti lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì wá ẹlòmíràn.

Mo bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ọṣẹ ń jáde, ara rẹ̀ yá gágá. Kí n tó la ẹnu ni mo rí i: lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bọ́kẹ́ẹ̀tì lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n fi àkísà pupa dè lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó ń fi àkísà pupa dè é ní gbogbo Òkè-Ògùn, àfi àwa.

"Ta ló gbé ìwọ̀nyí wá?" ni mo bi í.

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Àwọn tẹ́ ẹ rán ni. Awakọ̀ yín àtàwọn ọlọ́kadà. Ìyá Ẹgbẹ́ ní ẹ ti mọ̀."

"Ìwé ńkọ́? Ṣebí ìwọ lo ní o ò lè ṣe láìsí ìwé."

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sára ògiri. "Ìwé yín ṣáà wà níbẹ̀. Òun ni mò ń fi hàn wọ́n."

Mo wo ìwé náà, òǹtẹ̀ pupa àti òǹtẹ̀ aláwọ̀ aró, tí mo fi ọdún kan àti àbọ̀ wá kiri. Kò jókòó lásán. Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn onífàyàwọ́.

Láti Pàràkú dé Ṣakí ni mo ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ jọ. Mo bá Ìyá Ẹgbẹ́ nídìí ọpọ́n, ó ń pò ó. Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí ìwà ò gbọdọ̀ bàjẹ́ tán, mo sì ní, "Ìyá, ẹ dójú tì mí."

Kò dáwọ́ dúró. "Ojú rẹ ni mo wò tí n kò fi sọ fún ọ," ló wí. "O fẹ́ràn òfin yẹn. Èmi náà ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyàwó tó sunkún nínú ọkọ̀ yín níjọ́sí, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fún un lọ́jọ́ méje láti san owó. Lẹ́tà tìrẹ, ọjọ́ mélòó ni wọ́n dá fún un?" Ó bu omi sí i, ó tún ń pò ó lọ. "Lọ́jọ́ tí ọ̀nà ọba bá là, ọ̀nà ọba la máa gbà. Mo búra."

Fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, èmi ni mo lọ kí i.

Lẹ́tà náà dé nígbẹ̀yìn, ìwé kan péré, tó sọ pé kóró ni kóró, òrí ni òrí. Ọjọ́ tí a tún kó ọjà lọ, Ìyá Ẹgbẹ́ ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Ọ̀dọ́kùnrin aṣọ́bodè yẹn náà ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ka lẹ́tà, ó ṣí ọ̀nà fún wa, ó wá sún mọ́ fèrèsé ọkọ̀, ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní inú òun ò dùn látọjọ́ yẹn. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé ẹnubodè, òun ò tíì rí irú wa. "Gbogbo wọn ló gba inú igbó, mà. Ẹ̀yin nìkan lẹ dúró de òfin. Ọlọ́run á san yín lẹ́san."

Awakọ̀ tẹjú mọ́ ọwọ́ ìtọ́kọ̀ bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ń dán fún òrí sókè, ó sì fi ohùn tó já gaara wí pé, "Àmín, ọmọ mi. Àmín járe." Gbogbo ọkọ̀ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é.

Ìyá Ẹgbẹ́ ti lọ báyìí, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Àwọn òfin ń jáde síbẹ̀, òmíràn ń gbè wá, òmíràn ń já wa jù sílẹ̀, mo sì ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ṣe fáìlì fún wọn, mo ń bínú sí wọn. Aṣọ́bodè yẹn ti kúrò níbẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn. Mo máa ń rántí bó ṣe bọ́ fìlà rẹ̀ níwájú wa. Títí dòní, mi ò tíì lè sọ irú àmín tí mo ṣe lọ́jọ́ náà.